Insipidus kì í ṣe orúkọ dókítà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àbúrò mi ọkùnrin nítorí kókó kan tó hù sí ìsàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi bí ẹni tó ti aṣálẹ̀ dé, tó sì ń tọ̀ tọ̀sán-tòru. Wọ́n kọ “diabetes insipidus” sínú ìwé rẹ̀, wọ́n sì fún un lóògùn. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti rí “diabetes” yẹn ló ti lé ṣúgà kúrò nílé pátápátá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà rẹ̀ wà bó ṣe yẹ kó wà. Kí ni orúkọ yìí túmọ̀ sí gan-an? Ta ni Insipidus? Ṣé òun ni dókítà tó kọ́kọ́ rí àrùn náà ni, bíi ti Parkinson?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á ká a sápò, tí wọ́n á sì máa fi ìbẹ̀rù gbé e kiri.

Parkinson jẹ́ dókítà lóòótọ́. James Parkinson ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé nípa àrùn ara gbígbọ̀n ní ọdún 1817. Ṣùgbọ́n kò sí dókítà kankan tó ń jẹ́ Insipidus. Ọ̀rọ̀ Látìnì lásán ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì lè pa yín lẹ́rìn-ín: “ó tẹ́ lẹ́nu”, “kò ládùn”, bí ohun tí wọ́n gbàgbé láti fi iyọ̀ sí. Ìtọ̀ aláìsàn ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹ ó ti mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí: ẹnì kan ti fi ahọ́n kàn án kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Mà á padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ti àbúrò yín kúrò nílẹ̀. Kò ní àrùn ṣúgà. Àrùn tó ní àti àrùn ṣúgà kò bá ara wọn tan rárá, àfi pé orúkọ pa wọ́n pọ̀. Ṣúgà tí ìyàwó rẹ̀ lé kúrò nílé kò pa á lára, kò sì wò ó sàn. Ohun tí yóò ṣe é ní jàǹbá ni bí ẹnikẹ́ni bá fi omi dù ú nítorí pé “ó ti ń tọ̀ jù”. Ẹ jẹ́ kíyẹn ṣe kedere kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì.

Ọ̀rọ̀ náà diabetes ti wà lẹ́nu àwọn Gíríìkì kí dókítà tó yá a lò fún àìsàn. Dia ni kí nǹkan gba inú nǹkan mìíràn kọjá, bainein sì ni kí á rìn, kí á gbésẹ̀. Ohun tó bá ya ẹsẹ̀, tàbí tó ń gba inú nǹkan kọjá, diabētēs ni. Irinṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a fi ń fa àmì róbótó sórí ìwé, diabētēs ni wọ́n ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń ya ẹsẹ̀. Ohun kejì tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ló kàn wá jù: ọ̀pá tí a fi ń fa omi láti inú ohun kan sí òmíràn.

Ẹ ti rí ẹni tó ń fa omi tàbí epo látinú dúrọ́ọ̀mù rí. Yóò ki etí rọ́bà kan bọ inú dúrọ́ọ̀mù, yóò ki etí kejì bọ ẹnu, yóò fà á. Gbàrà tí omi bá ti kan ahọ́n rẹ̀ ni yóò yọ rọ́bà náà kúrò lẹ́nu, tí yóò tẹ etí rẹ̀ bọ inú kẹ́ẹ̀gì tó wà nílẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń fà á mọ́. Omi ń dà fúnra rẹ̀. Ó lè máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ó lè wọlé lọ, omi á ṣì máa dà títí yóò fi kù díẹ̀ nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù. Ohun tí ojú dókítà ayé ìgbàanì rí lára aláìsàn gan-an nìyẹn: omi ń wọ ẹnu, omi ń jáde nísàlẹ̀, kò sì sí ohun tó dá a dúró láàárín.

Ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa jù nínú wọn ni Aretaeus ará Kapadókíà, agbègbè kan ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì òde òní. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù ló kọ̀wé. Ó ní àrùn náà ṣàjèèjì, kò sì wọ́pọ̀. Pé ńṣe ni ẹran ara àti apá àti ẹsẹ̀ ń yọ́ di ìtọ̀. Pé ìtọ̀ náà kì í dáwọ́ dúró, bí ìgbà tí wọ́n ṣí ojú omi sílẹ̀. Pé bí aláìsàn bá gbìyànjú láti má mu omi, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ara rẹ̀ á gbẹ. Nígbà tó dé orí orúkọ náà, ó ní ohun tó mú kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ ni pé omi kì í dúró nínú ara, ńṣe ló ń fi ara ènìyàn ṣe àkàbà tó ń gbà jáde. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé ìṣègùn láyé mi, mi ò tíì rí èyí tó ju gbólóhùn yẹn lọ. Ènìyàn di àkàbà fún omi.

Galen, dókítà Gíríìkì mìíràn tí òun àti Aretaeus fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹlẹgbẹ́, ní ẹ̀ẹ̀mejì péré lòun rí àrùn yìí. “Ìgbẹ́ gbuuru ti ìtọ̀” ni ọ̀kan nínú orúkọ tó mẹ́nu bà fún un, kíndìnrín ló sì di ẹ̀bi rù.

Ẹ wá kíyè sí nǹkan kan. Nínú gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì yìí kọ, kò sí ṣúgà níbẹ̀, kò sí oyin, kò sí adùn kankan. Diabetes kò túmọ̀ sí ṣúgà rí. Omi tí kò dúró lára ló túmọ̀ sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìgbà tí ìyàwó àbúrò yín rí ọ̀rọ̀ yẹn tí ọkàn rẹ̀ lọ sórí ṣúgà, kì í ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ náà sọ ló gbọ́. Ohun tí ayé ti kì í bọ̀ ọ́ lẹ́nu ló gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tiwa náà jọ ọ́. À-tọ̀-gbẹ: ẹni náà ń tọ̀, ó sì ń gbẹ. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ wo aláìsàn bí Aretaeus ṣe wò ó, láìgbọ́ orúkọ Aretaeus rí: ó rí ìtọ̀ tí kò dáwọ́ dúró, ó rí ara tó ń joro, ó so méjèèjì pọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé “àtọ̀” ọkùnrin ló ń gbẹ nínú orúkọ yẹn. Mi ò gbà. Àrùn náà ń ṣe obìnrin, ó ń ṣe ọmọdé tí kò tíì bàlágà, ohun tó sì ń hàn sí gbogbo ilé ni pé aláìsàn ń tọ̀ láìdákẹ́. Pé àrùn ṣúgà máa ń ba agbára ọkùnrin jẹ́ lóòótọ́ ló jẹ́ kí ìtumọ̀ kejì yẹn rí ẹsẹ̀ dúró.

“Ìtọ̀ ṣúgà” ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ mìíràn pátápátá. Orúkọ ahọ́n ni, kì í ṣe orúkọ ojú. Tó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n pín orúkọ fún àwọn àrùn méjèèjì lónìí, mà á fún àrùn ṣúgà ní “ìtọ̀ ṣúgà”, mà á sì fi “àtọ̀gbẹ” sílẹ̀ fún irú ti àbúrò yín. Òun gan-an ló ń tọ̀ tó ń gbẹ, láìsí nǹkan mìíràn nínú ọ̀ràn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti gba ibòmíràn lọ, kò sẹ́ni tó lè pè é padà.

Báwo ni ahọ́n ṣe wá wọ̀ ọ́? Àwọn ará Íńdíà ló ṣáájú. Nínú ìwé ìṣègùn wọn àtijọ́ tí wọ́n kọ ní èdè Sáńsíkírítì, madhumeha ni orúkọ rẹ̀. Madhu ni oyin, meha ni ìtọ̀. Wọ́n ṣàkíyèsí pé eèrà máa ń wọ́ lọ sídìí ìtọ̀ àwọn aláìsàn kan. Eèrà kì í parọ́. Ní Ṣáínà, xiāokě ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, ìyẹn rírù pẹ̀lú òùngbẹ, èyí tó sún mọ́ àtọ̀gbẹ wa gan-an. Orúkọ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ lóde òní, àti ní Jàpáànù, ti di àrùn ìtọ̀ ṣúgà, gẹ́lẹ́ bí tiwa ṣe yí.

Ní Yúróòpù, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ adùn náà síta. Kì í ṣe pé àwọn dókítà ibẹ̀ ń kórìíra ìtọ̀. Iṣẹ́ wọn ni. Wọ́n máa ń bu ìtọ̀ sínú ìgò, wọ́n á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, àwọn mìíràn á sì tọ́ ọ wò. Ní ọdún 1674, Thomas Willis, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìtọ̀ àwọn aláìsàn wọ̀nyí dùn lọ́nà ìyanu, bí ẹni pé wọ́n po oyin tàbí ṣúgà mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n kí nǹkan dùn bíi ṣúgà kò ní kó jẹ́ ṣúgà. Ẹni tó bá wa tú u palẹ̀ ni Matthew Dobson ní ìlú Liverpool, ní ọdún 1776. Ó gbé ìtọ̀ aláìsàn rẹ̀ kaná, kò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí gbogbo omi inú rẹ̀ fi gbẹ. Ohun funfun kan ló ṣẹ́ kù sídìí ìkòkò. Ó fi ìka rún un, ó rún wẹ́wẹ́. Ó gbóòórùn rẹ̀, òórùn ṣúgà pupa ni. Ó fi sẹ́nu, kò rí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ṣúgà, àyàfi pé ó fi ìtutù díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu. Kò tán síbẹ̀: ó tọ́ omi ara ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà wò, òun náà dùn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dùn, a jẹ́ pé kì í ṣe kíndìnrín ló ń ṣe ṣúgà. Inú ara ló ti ń bọ̀, kíndìnrín kàn ń dà á nù ni. Láti ọjọ́ tí Galen ti di ẹ̀bi ru kíndìnrín, èyí ni ẹ̀rí tó lágbára jù tí ẹnikẹ́ni ti mú wá láti gbà á sílẹ̀. Ní 1815, Michel Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Faransé, fi hàn pé irú ṣúgà tó wà nínú èso àjàrà ni.

Nígbà tí títọ́ ìtọ̀ wò ti di ara iṣẹ́, àwọn dókítà bá ohun kan pàdé tí kò rọgbọ. Àwọn aláìsàn kan wà tí wọ́n ń tọ̀ bí ọ̀pá rọ́bà inú dúrọ́ọ̀mù, tí òùngbẹ fẹ́ pa wọ́n, síbẹ̀ tí ìtọ̀ wọn kò dùn. Bí omi lásán ló rí lẹ́nu. Ní ọ̀rúndún 18, William Cullen, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Edinburgh, pín diabetes sí ọ̀nà méjì. Èyí tó dùn ni mellitus, láti ara mel, oyin ní Látìnì. Èyí tó tẹ́ ni insipidus. Sapidus ni ohun tó ládùn. In tó wà níwájú rẹ̀ ni “kò”. Sapere, ìyá ọ̀rọ̀ náà, túmọ̀ sí kí á tọ́ nǹkan wò, ó sì tún túmọ̀ sí kí á gbọ́n. Nínú rẹ̀ náà ni sapiens ti wá, èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń pe àwa ọmọ ènìyàn. Mo máa ń rò ó pé àwọn dókítà tó fi ahọ́n kan ìtọ̀ olówó àti tálákà yẹn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtumọ̀ méjèèjì.

Ẹ rí i báyìí pé orúkọ tó wà nínú ìwé àbúrò yín, àròpọ̀ ojú àti ahọ́n ni: omi tó ń gba inú ara kọjá, tí kò sì ládùn. Kò sọ ohun tó fà á. Kò lè sọ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nígbà náà.

A ti mọ̀ ọ́n báyìí, ohun tó fa méjèèjì sì jìnnà síra. Ní ti àrùn ṣúgà, kíndìnrín máa ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, á sì dá ṣúgà inú rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá nǹkan bíi 180 mg/dL, agbára rẹ̀ kò ní ká a mọ́, èyí tó kù á bọ́ sínú ìtọ̀. Ṣúgà kì í sì dá lọ. Ó máa ń fa omi dání. Omi tó bá a lọ yẹn ni ìtọ̀ púpọ̀, òun náà ni òùngbẹ.

Ti àbúrò yín, ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kékeré kan wà níbẹ̀ tó tó hóró ẹ̀wà, pituitary ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni họ́mónù kan tí ọpọlọ ṣe ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, vasopressin ni orúkọ rẹ̀. Ìránṣẹ́ ni sí kíndìnrín: “Dá omi padà, má jẹ́ kó lọ.” Bí kókó bá tẹ ibẹ̀, tàbí tí iṣẹ́ abẹ bá kàn án, ìránṣẹ́ yẹn kò ní dé ibi tí wọ́n rán an mọ́, kíndìnrín á sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ìtọ̀ àgbàlagbà tó ní i máa ń ju lítà 3 lọ lóòjọ́. Bó bá le gan-an, ó lè tó 20. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìránṣẹ́ ń dé, kíndìnrín ló di etí sí i. Lithium, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú àrùn ọpọlọ kan, wà lára ohun tó máa ń fa irú ìyẹn.

Orúkọ vasopressin fúnra rẹ̀ náà ṣini lọ́nà. “Ohun tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀” ló túmọ̀ sí. Ní 1895, George Oliver àti Edward Schäfer fa omi pituitary ẹranko sínú ara ẹranko mìíràn, wọ́n rí i pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga. Nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí yẹn ni orúkọ ti jáde. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó mọ̀ pé omi ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an.

Ẹ ò béèrè nípa insulin, họ́mónù tó ń kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fò ó, nítorí tirẹ̀ yí ọ̀nà padà: orúkọ ló ṣáájú. Ní 1869, Paul Langerhans, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Berlin, rí àwọn ìdì kéékèèké kan nínú pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, tí wọ́n dá dúró láàárín ìyókù bí erékùṣù láàárín omi. Insula ni erékùṣù ní Látìnì. Nígbà tí Jean de Meyer máa fi dábàá orúkọ insuline ní 1909, kò tíì sẹ́ni tó rí ohun tó ń sọ lórúkọ náà. Ní Toronto ni Banting àti Best ti fà á jáde ní 1921, ọdún méjìlá lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àbúrò yín, nítorí orúkọ àtijọ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé ìwòsàn. Àwọn tó ní insipidus ti wọ ilé ìwòsàn nítorí nǹkan mìíràn, tí òṣìṣẹ́ ka diabetes, tó yẹ ṣúgà wọn wò, tó rí i pé ó dáa, tó sì gbàgbé oògùn tó ń dá omi dúró lára wọn. Àwọn kan kú nínú rẹ̀. Nítorí èyí ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ họ́mónù láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ṣe dábàá ní 2022 pé kí wọ́n pa orúkọ náà dà. Èyí tí ìránṣẹ́ kò dé á máa jẹ́ àìtó vasopressin, AVP-D ní ìkékúrú (AVP ni vasopressin). Èyí tí kíndìnrín di etí sí ni AVP-R. Wọ́n ní kí orúkọ àtijọ́ ṣì máa bá a rìn fúngbà díẹ̀ kí ojú gbogbo ènìyàn tó mọ́ tuntun. Bí ẹ bá rí AVP-D nínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ má rò pé àrùn mìíràn tún ti dé. Ó máa dùn mí díẹ̀ bí àkàbà Aretaeus bá lọ, àmọ́ èmi náà fara mọ́ ọn.

Kí ó máa mú ìwé pélébé kan dání tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé kì í ṣe àrùn ṣúgà, pẹ̀lú orúkọ oògùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ desmopressin, oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ vasopressin, ni wọ́n fún un, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ti yá. Nígbà tí oògùn bá sì wà lára, bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ ẹ́ ni kó ṣe mumi. Kó má máa mu àmujù nítorí ìbẹ̀rù, torí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀.

Ní ti ìyàwó rẹ̀, bí kò bá gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ẹ wá èsì àyẹ̀wò ìtọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọkọ rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Wọ́n máa ń ti ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀, tó ní ojú-àmì lóríṣiríṣi àwọ̀. Ojú-àmì tó ń wá ṣúgà máa ń yí àwọ̀ bó bá rí i. Ẹ ó rí i pé ti àbúrò yín kò yí. Kí ẹ wá wo ibi tí wọ́n kọ bí ìtọ̀ náà ṣe ki tó sí. Omi lásán jẹ́ 1.000. Ó ṣeé ṣe kí tirẹ̀ má kọjá 1.005.